Lẹ́tà sí Bísí lórí ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Tọ́pẹ́

Bowie, Maryland
Ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, 2026

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ooru Ìbàdàn o. Ilé ńkọ́? Bàbá Ṣeun ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé Tọ́pẹ́ tí kò jẹ́ kí èmi àti bàbá ẹ̀ sùn dáadáa. O ní kí n ṣàlàyé ẹ̀ torí pé ìwọ náà ń ro ti Ṣeun. WhatsApp ò lè gbà á, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ilé-ìwé méjì ló kù nílẹ̀. Ọ̀kan ni yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ wa, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ á ní "ẹ kú oríire". Èkejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kékeré kan ní Ohio, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Àǹtí bàbá ẹ̀ bi Tọ́pẹ́ pé ilé-ìwé wo ló fẹ́ lọ. Nígbà tó dárúkọ ti Ohio, ńṣe ni àǹtí náà kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní, "Kò burú, Ọlọ́run á bá wa ṣe é." Bàbá Tọ́pẹ́ ò tíì gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn títí dòní. Owó ló ń fẹnu sọ, àmọ́ ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ ti owó náà. Iye tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kọ sínú ìwé, oúnjẹ àti ibùgbé mọ́ ọn, jẹ́ dọ́là 67,000 lọ́dún. Má tíì pariwo. Bí ọjà Bódìjà ló rí, iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè kọ́ ni wọ́n máa tà á. Wọ́n kọ̀wé sí Tọ́pẹ́ pé àwọn fún un ní sikọ́láṣíìpù dọ́là 38,000 lọ́dún. Ọmọ pariwo, èmi náà jó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé owó kankan kalẹ̀ o, wọ́n kàn dín iye tí wọ́n pè kù ni, bí wọ́n sì ṣe ń dín in kù fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bá gbà nìyẹn. Wọ́n ń wá ọmọ lójú méjèèjì. Ọdún 2007 ni wọ́n bímọ jù ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ọ̀hún ló pé ọdún méjìdínlógún lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà ni wọn ò sì ti bí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Tọ́pẹ́ tí mo bí ní 2008 bọ́ sí àsìkò tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ń du ọmọ mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ó wá ku 29,000 fún wa láti san. Ti yunifásítì ìjọba jẹ́ 30,000, wọ́n yọ 6,000, ó ku 24,000. Mo fi lẹ́tà yunifásítì ránṣẹ́ sí àwọn ará Ohio, mo fi ohùn tútù bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi 3,000 kún ẹ̀dínwó náà. Ó di 26,000. Ìyàtọ̀ 2,000 péré! Inú mi dùn títí mo fi mú kálòkúlétọ̀. Ẹ̀dínwó yẹn ò ní kúrò lójú kan fún ọdún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ owó ilé-ìwé ń gòkè lọ́dọọdún. Bó bá fi ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, bíi 2,000 ló ń wọlé dé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, orí wa sì ni gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí. Lọ́dún kẹrin, á ti di 32,000. Ti ìjọba náà ń gòkè, àmọ́ ìdá mẹ́ta nínú 30,000 ò ju 900 lọ. Bí o bá ro ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ìyàtọ̀ á lé ní 14,000. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n fi wá mọ ọgbà wọn.

Ní ti ẹ̀yáwó, ọmọ fúnra ẹ̀ lè yá 5,500 lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, 6,500 lọ́dún kejì, 7,500 lọ́dún kẹta àti ìkẹrin. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 27,000, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Èyí tí òbí ń yá, tí wọ́n ń pè ní Parent PLUS, ni mi ò fẹ́ gbọ́ sétí. Èlé ẹ̀ lọ́dún yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì ti gé ju ìdá mẹ́rin lọ kúrò kí owó tó dé ọwọ́ ẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje tó ń bọ̀, òfin tuntun sọ pé òbí ò lè yá ju 20,000 lọ lọ́dún lórí ọmọ kan, àpapọ̀ ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju 65,000 lọ. Àwọn èèyàn ń sunkún lórí òfin náà. Èmi ń dúpẹ́ ní tèmi, torí mo mọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́ tó bá kan ọmọ ẹ̀.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mo ṣì ń dúró ti kékeré. Bísí, mo jókòó sí kíláàsì bàọ́lọ́jì wọn. Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, olùkọ́ sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Ní yunifásítì, gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń kọ́ ti ọdún àkọ́kọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Tọ́pẹ́ fẹ́ ṣe dókítà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn á sì béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ta ló máa mọ̀ ọ́n láàárín èrò yẹn? Mo tún yẹ College Scorecard wò, ìkànnì ìjọba tó ń sọ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe sí. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ń ka àwọn tó jáde, mẹ́rin kọ́! Bí ọmọ bá pẹ́ dé ọdún karùn-ún, ọdún kan ṣoṣo yẹn lè gbé ju 14,000 yẹn lọ. Owó oṣù tó wà níbẹ̀, àwọn tó gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni wọ́n kà, nọ́ọ̀sì àti òṣèré pọ̀ mọ́ra wọn. Ti kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kéèyàn wò.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí wọ́n má lọ ti ilé-ìwé náà pa mọ́ ọmọ lórí. Iowa Wesleyan tó ti wà láti 1842 kógbá wọlé ní 2023. Birmingham-Southern ti 1856 àti Wells ti 1868 tẹ̀ lé e ní 2024. Nítorí náà, mo wá Form 990 ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Ohio jáde, ìwé ìṣirò tí àwọn ilé-ìwé báwọ̀nyí ń fún ìjọba, tí ẹnikẹ́ni lè kà. Nínú ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìnáwó wọn ju owó tó wọlé lọ. Àmọ́ wọ́n ní owó ìpamọ́ tó lè gbé wọn fún ọdún púpọ̀. Mo pe ọ̀gá tó ń gba ọmọ wọlé, mo bi í lójúkojú. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá fún mi ní nọ́ńbà bọ́sà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ìyẹn.

Ti Ṣeun yàtọ̀ o. Níbi tiyín, torí kí ìdásẹ́sílẹ̀ má bàa dá ọmọ dúró lẹ ṣe ń san owó yunifásítì aládàáni: ẹ rántí 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko tí ASUU fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kì í yá ọmọ aládàáni, àpò yín ni gbogbo ẹ̀ á ti jáde. Ẹ béèrè iye ọdún kẹrin kí ẹ tó san ti àkọ́kọ́.

Mo ti kọ̀wé sí Ohio pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀dínwó náà máa bá owó ilé-ìwé gòkè. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún la gbọ́dọ̀ san àsansílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ó parí. Bí wọ́n bá kọ̀, èmi ṣì máa sọ pé Ohio, bàbá ẹ̀ á ní rárá, ìgbà yẹn ni màá ní kó pè ọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹ ló máa ń wọ̀ ọ́ létí. Bá mi kí Ìyá Àgbà.

Èmi ni tìẹ,
Fọlákẹ́