Àkànní, má jẹ́ kó kúnná jù

Leeds,
Alẹ́ Sátidé.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Màmá ńkọ́, orúnkún tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Bá mi kí wọn gan-an ni.

O ní o ti rí ẹ̀rọ ìlọta ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀wà àkàrà, pé o fẹ́ fi lọ ọkà bàbà tí o ti mú hù, kí ìwọ náà pọn bíà bíi tèmi. Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbàgbé bí Màmá ṣe kọ́ wa láti lo ẹ̀rọ yẹn. Òun ló kó bá mi.

Ṣé o rántí? A ó dì í mọ́ etí tábìlì, a ó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí apá á fi máa ro wá, nítorí tí ìka Màmá bá fi lè kan hóró kan ṣoṣo, àtúnlọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kílò 5 mọ́ọ̀tì báálì (báálì tí wọ́n mú hù, tí wọ́n sì mú gbẹ) tí mo kọ́kọ́ rà níbí. Ó kúnná bí èlùbọ́, inú mi ń dùn. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún wákàtí kan, mo ṣí táàpù ìdí ìkòkò pé kí omi dídùn rẹ̀ máa ṣàn, ẹ̀kán kan ò jáde. Ó ti di àmàlà nísàlẹ̀. Aago méjì òru bá mi níbi tí mo ti ń fi ọmọrogùn rò ó, ìyàwó mi ní ṣé ètùtù ni.

Àṣé èèpo ni gbogbo ọ̀rọ̀. Èèpo báálì ló ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò bí asẹ́, tí omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú ti fọwọ́ ara rẹ̀ ya asẹ́ rẹ̀. Nílé, ewúrẹ́ là ń da èèrí fún. Níbí, òun gan-an là ń ṣọ́.

Nígbà kejì, mo tú nọ́ọ̀tì jù. Omi ṣàn bí odò, ṣùgbọ́n odindi hóró kún inú rẹ̀, ṣúgà ò jáde: òṣùwọ̀n tó ń sọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi náà (omi lásán jẹ́ 1.000), tí mo ń retí ní 1.050, dúró sí 1.038. Ọtí náà tẹ́ bí omi ìfọwọ́.

Ní báyìí, mo máa ń tú síkúrúù títí hóró á fi máa kọjá láìfọ́, kí n tó máa fún un padà ní ìdámẹ́rin ìyípo. Tí mo bá ti fún un, mo lọ ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dà á sórí àwo funfun, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kí hóró fọ́ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí funfun inú rẹ̀ tú síta, kí èèpo ṣì rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ṣófo. Níbi tí n kò bá ti rí odindi mọ́, mo fún nọ́ọ̀tì kejì mọ́ ọn kó má yẹ̀. Àlàfo àárín àwo ìlọta méjèèjì inú ẹ̀rọ náà á tó ìnípọn káàdì ATM.

Tí ìyẹ̀fun àti odindi hóró bá jọ ń jáde, má wulẹ̀ fún nọ́ọ̀tì mọ́. Àwo ìlọta tí kì í yí ni kò jókòó déédéé. Wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo ki bọ ẹ̀yìn tèmi níbi tó ti là sílẹ̀, ó sì gbọ́.

Ọkà bàbà tìrẹ kò ní irú èèpo yẹn. Kì í ṣe pé kò ṣeé pọn o. Nígbà tí ìjọba fòfin de báálì òkèèrè ní 1988, òun àti àgbàdo ni àwọn ilé ìpọntí wa gbá mú. Lọ̀ ọ́ kó kúnná ju tèmi lọ, kí o wá fi aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Ooru 66 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó tó báálì, ò ní tó o: kọ́kọ́ se apá kan bí ògì kó jiná, jẹ́ kó tutù wá sí 66, kí o tó da ìyókù sí i.

Tú ẹ̀rọ náà lónìí, kí o wo eyín àwo rẹ̀ bóyá ó ṣì mú, tàbí ẹ̀wà ti jẹ ẹ́ tán. Ya fọ́tò rẹ̀ sí mi. Kí o sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bíà rẹ á ta lẹ́nu bí àkàrà aláta.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní