Ẹ má tíì ju máòsì yẹn nù: ẹ kọ́kọ́ yọ rìsífà rẹ̀ níbi tó wà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun létí ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti agbègbè wọn, pàápàá àwọn tó ń ṣe pósítà àti kàlẹ́ńdà Ojúde Ọba. Iṣẹ́ wọn gba ọwọ́ tó dúró. Ẹni tó ń fi máòsì gé àwòrán ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kúrò lára ògiri, bí ọfà ojú kọ̀ǹpútà bá fò lẹ́ẹ̀kan péré, etí fìlà ti bá a lọ. Wọn á ní máòsì aláìlókùn náà ti kú, wọn á jù ú sínú páálí, wọn á ra òmíràn, òmíràn náà á sì tún máa fò. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń jù nù yìí ni kò ní àrùn kankan. Ibi tí wọ́n ki rìsífà rẹ̀ sí ni kò dáa.

Rìsífà ni ohun kékeré tí a ń ki bọ ihò USB. Òun àti máòsì ń fi ìgbì rédíò 2.4 GHz bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì le. Ihò USB 3.0, èyí tí ahọ́n inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, ń pariwo sórí ìgbì kan náà nígbà tí hard disk tàbí flash bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 2012 ni iléeṣẹ́ Intel ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, bí ọfà bá ń fò gẹ́rẹ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da fọ́tò oníbàárà láti inú hard disk, tó sì ń lọ geere nígbà tí ẹ bá yọ hard disk náà, máòsì kò jẹ̀bi.

Ẹ yọ rìsífà nínú ihò búlúù, kí ẹ ki í bọ ihò dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kó jìnnà sí hard disk. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí àpótí rẹ̀ wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí rìsífà sì wà lẹ́yìn, irin àpótí yẹn ń dínà fún un. Ẹ wá okùn USB tí ẹnu kan rẹ̀ jẹ́ akọ, tí èkejì jẹ́ abo. Mítà kan tó. Ẹ fi gbé rìsífà wá sórí tábìlì, kó wà ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà sí máòsì. Lójú tèmi, kò yẹ kí ṣọ́ọ̀bù kankan wà láìní okùn yìí.

Bí kò bá yí padà, ẹ gbé máòsì àti rìsífà rẹ̀ lọ sára kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá tún ń fò níbẹ̀, ẹ ṣí ìdí rẹ̀ wo bátìrì. Èyí tí wọ́n kọ LR6 sí lára ni alkaline. Èyí tó jẹ́ R6 lásán kì í pẹ́ rọ, ó sì máa ń tètè da omi. Tuntun ń gbé 1.5V. Bí mítà tí a fi ń wọn iná bá fi hàn pé alkaline ti wá sí ìsàlẹ̀ 1.2V, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí aláwọ̀ ewé lórí sípíríǹgì, omi bátìrì ló dà síbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, ó ń jẹ ara. Ẹ fi òwú etí tí ẹ tẹ̀ bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún títí irin yóò fi dán, kí ẹ fi spirit nù ún tẹ̀ lé e, kó sì gbẹ dáadáa kí bátìrì tó wọlé. Sípíríǹgì tó bá ti jẹ tán kò ṣeé fọ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí a ti ń jó irin inú ẹ̀rọ (soldering).

Ojú tó wà lábẹ́ máòsì náà ńkọ́? Irun tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré nínú ihò yẹn lè mú kí ọfà máa gbọ̀n. Òwú àti spirit náà ni. Máòsì tó wọ́pọ̀ kì í ríran lórí gíláàsì, ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ń sùn bí ẹ bá sinmi díẹ̀, tí kì í tètè jí, Windows ló ń pa iná ihò náà. Nínú Device Manager, ẹ ṣí USB Root Hub, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú ìlà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, bọ́tìnnì inú rẹ̀ ló ti gbó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni rìsífà tó sọnù. Ti máòsì olówó pọ́ọ́kú, òmíràn kì í gbà á mọ́, máòsì tó yè ti di òkú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ máòsì ló ní àyè fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ máa fi í sí kí ẹ tó kó ẹrù yín sí báàgì.

Èmi ni,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.