Ìwé tó ṣófo kọ́ ni àmì pé ọmọ kò kọ́ orin

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà bàbá kan tí ẹ tẹ̀ jáde lójú ewé yìí. Ó ní oṣù mẹ́ta gbáko ni ọmọ òun ti ń lọ kọ́ orin, síbẹ̀ ìwé tí òun rà fún un kò ní ju ìlà márùn-ún-márùn-ún tí wọ́n ti tẹ̀ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí nóòtì, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń kọ ohùn orin sílẹ̀, kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí ọmọ náà ń ṣe kò ju kó máa rìn kiri yàrá, kó máa pàtẹ́wọ́, kó sì máa pariwo "kíákíá, kíákíá". Ó wá béèrè bóyá ṣe ni wọ́n ń fi àkókò ọmọ òun ṣòfò.

Èmi kọ́ ni mo ń kọ́ ọmọ yẹn, n kò sì mọ ẹni tó ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún 22 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án ní orin, mo sì lè sọ fún bàbá náà tọkàntọkàn pé kó fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ mọ ibi tó ń gbé e lọ.

Èmi alára kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, inú ìwé ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ọmọbìnrin kan wà nígbà náà, ọmọ ọdún méje, orí rẹ̀ pé gan-an. Bí o bá jí i lójú oorun, yóò ka orúkọ nóòtì kọ̀ọ̀kan àti iye bíìtì, ìyẹn ìṣísẹ̀ orin, tó gbà fún ọ: semibreve, bíìtì mẹ́rin, minim, bíìtì méjì, crotchet, bíìtì kan, quaver, ìdajì bíìtì. Mo kọ crotchet méjì, quaver méjì àti crotchet kan sójú pátákó, mo ní kó pàtẹ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Ó wo pátákó, ó wò mí, ó wá pàtẹ́wọ́ márùn-ún dọ́gbadọ́gba, bí ẹni tó ń ka owó. Gbogbo ìdáhùn rẹ̀ lórí ìwé ló tọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé orúkọ ohun tí ọmọ náà kò tíì gbọ́ rí ni mo fi ń kọ́ ọ láti oṣù wá. Ó dùn mí títí di òní, nítorí kò pẹ́ sígbà náà tó fi orin sílẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí irú èyí. Lọ́dún 1892, Émile Jaques-Dalcroze, olórin ọmọ ilẹ̀ Switzerland, di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ orin gíga ìlú Geneva. Àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́ o, kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n lè to nóòtì jọ sórí ìwé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n etí wọn kò gbọ́ ohun tí ọwọ́ wọn kọ. Ó wá ṣàkíyèsí pé àwọn tí kò lè di bíìtì mú nídìí ohun èlò orin, bí wọ́n bá ń rìn lọ, ẹsẹ̀ wọn ń lọ déédéé. Bíìtì wà lára wọn, ẹnikẹ́ni kò tíì pè é jáde ni. Ó ní kí wọ́n dìde lórí àga, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rin orin. Ìyẹn ni ọmọ bàbá yìí ń ṣe tó fi ń rìn kiri yàrá.

Ohun méjì ló ń dàrú mọ́ ọmọdé lójú, tó tún ń dàrú mọ́ àgbà lójú. Bíìtì ni ìṣísẹ̀ orin. Kì í yára, kì í falẹ̀, kò sì ní dúró bí ẹnu bá tilẹ̀ dákẹ́. Ríìdímù ni bí ohùn ṣe ń gùn tàbí tó ń kúrú lórí ìṣísẹ̀ yẹn. Ní Hungary, àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀nà ìkọ́ni Zoltán Kodály, olórin ilẹ̀ náà, ń pe crotchet ní "ta", wọ́n ń pe quaver méjì ní "ti-ti". Ọwọ́ Émile Chevé, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti yá ìpìlẹ̀ rẹ̀. Mo lò ó fúngbà díẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n "ta" kò sọ ohun tí ẹsẹ̀ yóò ṣe fún ọmọ tó ń sọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tiwa ń sọ ọ́. Crotchet ni "rìn": ìró kan, ìgbésẹ̀ kan. Quaver méjì ni "sáré": ìró méjì láàárín àkókò ìgbésẹ̀ kan. Semiquaver mẹ́rin ni "kíákíá": kí-á-kí-á, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Minim ni "fàà", tí a ó fà á títí ẹsẹ̀ yóò fi gbé ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà ń ṣe ohun tó ń sọ. N kò tíì rí ọmọ tó gbàgbé rẹ̀.

Iṣẹ́ wá kù. Kí ẹsẹ̀ máa bá bíìtì lọ, kí ẹnu máa sọ "rìn, rìn, sáré, rìn" lórí rẹ̀, kí èkíní má fa èkejì lọ, ó le fún ọmọ ọdún mẹ́fà ju bí àgbà ṣe rò lọ. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, bí ẹnu rẹ̀ bá ti dé "sáré" báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà á ki eré mọ́lẹ̀, á lọ kọ lu ògiri. N kò bá a wí. Mo kàn ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, à ń jọ rìn, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àárín yàrá la wà, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó ń nìkan lọ, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Àǹtí, ẹ wò ó! Ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ lé ẹnu mi mọ́!" Kí bàbá yẹn mọ̀ pé kò sí ojú ewé kankan nínú ìwé tí wọ́n lè kọ èyí sí, bẹ́ẹ̀ ohun tó tóbi jù tí ọmọ náà kọ́ lọ́dún yẹn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún àwọn òbí tó ti gbé metronome, ohun tó ń lu bíìtì déédéé fún ẹni tó ń kọ́ orin, sórí fóònù. Bí ẹ bá gbé e sí 60, bíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni yóò máa lù. Ó rọ àgbà lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ọmọdé kúrú, bíìtì tirẹ̀ sì yá ju tiwa lọ. Kò ní lè dúró de ìyẹn, ẹ ó sì máa rò pé kò gbọ́n. Èmi kì í lu ohunkóhun kí n tó wo bí ọmọ ṣe ń rìn wọlé. Òun ló ń fún mi ní bíìtì ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ìdákẹ́, mo sì fẹ́ràn ìdákẹ́ ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ọmọ gbà pé bí orin bá dákẹ́, orin ti dúró. Bí mo bá ní "rìn, rìn", kí a dákẹ́ bíìtì kan, kí a tó tún sọ "rìn", wọn á fò ó, wọn á sáré lọ bá èyí tó gbẹ̀yìn. Mo wá ní kí wọ́n ya àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbi ìdákẹ́, bí ẹni ju nǹkan nù. Ìdákẹ́ ti wá ní ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ó ti gba àyè tirẹ̀. Ìgbà tí yàrá kún fún ọmọ mẹ́wàá, tí gbogbo wọn dákẹ́ pọ̀, tí wọ́n sì jọ wọlé padà lẹ́ẹ̀kan náà, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ìgbà tí ọmọ bá lè ṣe gbogbo èyí ni mo ń bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀wé, a kì í sì í fi pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀. Igi ìṣáná tí mo ti gé orí rẹ̀ nù la ń lò. Ẹyọ kan tó dúró ni "rìn". Méjì tó dúró, tí ẹyọ kan dábùú lé wọn lórí, ni "sáré". Mẹ́rin tó dúró, tí méjì dábùú lé wọn lórí, ni "kíákíá". Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé orin jákèjádò ayé náà nìyẹn, orí dúdú nísàlẹ̀ nìkan ló kù. Ọmọ yóò to tirẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ yóò pàtẹ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣì í, wọn yóò jiyàn, wọn yóò sì tún un tò. "Fàà" kò ṣe é fi igi tò, nítorí orí rẹ̀ tó ṣófo ló fi yàtọ̀ sí crotchet. Òun ló ń mú pẹ́ńsù dé.

Ti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, n kì í gbé ìlà márùn-ún síwájú ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó ti kọ́ àmì ohùn ti mọ dò, re, mí. Ìlà kan ṣoṣo ni mo ń fà: re jókòó sórí ìlà, mí wà lókè rẹ̀, dò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A ó wá kọ ọ̀rọ̀ sí i. Gbogbo nóòtì "àdàbà" wà nísàlẹ̀ ìlà, gbogbo ti "kọ́kọ́rọ́" wà lókè. "Ọmọdé" dúró lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kó tó gòkè. Mo máa ń là á yé wọn pé nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ó tó kí mí ṣáà ti ga ju re lọ, ṣùgbọ́n nínú orin, a wọn bí ó ṣe ga tó, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ìlà kejì yóò dé, ẹ̀kẹta yóò dé, títí wọn yóò fi pé márùn-ún. Nígbà yẹn, ọmọ kò nílò láti máa ka ìlà lórí ìka láti ìsàlẹ̀. Ó ti mọ̀ pé orí ìlà kejì láti ìsàlẹ̀ ni treble clef, àmì tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà orin, ká mọ́, pé nóòtì tí wọ́n ń pè ní G ló ń gbé ibẹ̀, yóò sì ti ibẹ̀ gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀.

Guido ará Arezzo, mọ́ńkì tó ṣètò ut, re, mi, fa, sol, la ní ọ̀rúndún kọkànlá, kò fi ìwé síwájú bákan náà. Orin ìsìn kan ló fún àwọn ọmọ akọrin pé kí wọ́n mọ̀ ọ́n lórí, tí gbólóhùn mẹ́fà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ń fi ohùn tó ga díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ bẹ̀rẹ̀. Orin tó ti wà lórí wọn yìí ni wọ́n fi ń dá àmì mọ̀ bí wọ́n bá rí i. Ó sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé ọdún kan, ó pẹ́ tán ọdún méjì, ni akọrin fi ń gbọ́ iṣẹ́ náà yanjú.

Àwọn kan yóò sọ fún bàbá yìí pé kó jẹ́ kí ọmọ kọ́ orin nítorí ìṣirò. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni lórin nítorí ìṣirò. Orin tó fún ara rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ni pé lálẹ́, kó má ṣe sọ pé "mú ìwé rẹ wá". Kó pàtẹ́wọ́ bíìtì mẹ́rin, kó jẹ́ kí ọmọ náà dá a padà. Kó yí i padà díẹ̀, kó tún dúró gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ náà rìn, kó máa fi ẹnu sọ "rìn, sáré, kíákíá, rìn", kí bàbá rẹ̀ máa wo ẹsẹ̀ nìkan. Bí ẹsẹ̀ náà bá gbé ìgbésẹ̀ 16 láìyára, láìfalẹ̀, ó ti tó àkókò tí pẹ́ńsù yóò wọlé. Bí ìwé bá wá ṣófo síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan sí i, kó lọ bá olùkọ́ náà, kó sì bi í ní pẹ̀lẹ́ ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀wé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ orin àwọn ọmọdé