Ẹ jẹ́ kọ́mọ náà dàgbà ná kẹ́ ẹ tó pè é ní Mozart

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àtìgbà tí mo ti wà ní girama ni mo ti ń ra pépà yín, ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́nu láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ gbé fọ́tò ọmọ kan tó gbé fáyólíìnì léjìká jáde, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé Mozart ilẹ̀ wa rèé, ẹ fi wé olórin òyìnbó àtijọ́ tó ti lókìkí láti kékeré, mo kà á látòkè délẹ̀, mo rí ọjọ́ orí ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí iye èèyàn tó ti wo fídíò ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí orúkọ orin tó ta, mi ò rí orúkọ tíṣà tó kọ́ ọ. Ọdún 19 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní fáyólíìnì n'Íbàdàn níbí, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tójú mi rí. Ọmọ ọdún 11 kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan, etí ẹ̀ mú gan-an, tó bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan á ti máa wá a kiri lórí okùn. Àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan gbọ́ nípa ẹ̀, wọ́n wá bá wa. Wọ́n ní kó wọ agbádá, kó dé fìlà, kó lọ dúró lẹ́nu géètì nínú oòrùn torí ibẹ̀ ni fọ́tò á ti dáa, a sì wà níbẹ̀ bí ogójì ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ pákó fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀ ni fáyólíìnì, nígbà tá a fi máa wọlé ẹ̀gbẹ́ kan ti là, gbogbo okùn ẹ̀ ti dẹ̀. Orin tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ ni ọmọ yìí ti fi oṣù mẹ́rin kọ́, ibì kan wà nínú ẹ̀ tí ìka kẹrin ti máa ń yọ̀ ọ́, ọ̀sẹ̀ kejì sígbà tí wọ́n wá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un. Wọ́n gbà á sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n lọ. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ gbogbo wa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ ọmọ yẹn là ń rí, ṣùgbọ́n ohùn tá à ń gbọ́ kì í ṣe tiẹ̀, wọ́n ti mú ti àgbàlagbà kan tó wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ gbọ́, èmi kọ́ nìyẹn o." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Mozart ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nílé ìwé. Skéèlì, ìyẹn títa ohùn orin tẹ̀léra-tẹ̀léra láti ìsàlẹ̀ dókè, di ìjà láàárín èmi pẹ̀lú ẹ̀, kò fẹ́ dúró síwájú dígí fa bóò, ọ̀pá tá a fi ń ta okùn, ní gígùn mọ́. Ẹni tí wọ́n ti ní ó ti dé, kí ló tún fẹ́ máa rìn fún? Ó tó oṣù mẹ́jọ kó tó padà sípò.

Mozart tí ẹ ń dárúkọ ẹ̀ gan-an, ẹ wo bó ṣe rí fún un. Nígbà tí bàbá ẹ̀, Leopold, kó òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1764, ó gbé ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, ó dín ọdún ọmọ kù, ó ní ọmọ ọdún méje ni nígbà tó ti pé mẹ́jọ, torí bọ́mọ bá ṣe kéré tó lowó ṣe ń wọlé tó. Ṣílè 10 àbọ̀ ni wọ́n fi ń wọlé nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di 1765 ojú àwọn èèyàn ti mọ́ ọn lára, ilé ọtí kan ní Cornhill ni wọ́n ti ń ta orin lójoojúmọ́, wọ́n á fi aṣọ bo ojú dùùrù káwọn ọmọ máa tẹ̀ ẹ́ láìrí i, owó ìwọlé sì ti já sí ṣílè méjì àbọ̀. Kọnṣẹ́tò píánò mẹ́rin tó ṣáájú lára tiẹ̀, ìyẹn orin tí píánò máa ń ta pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ńlá, iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ló tún tò níbẹ̀, bọ́mọdé ṣe ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìgbà tó di ẹni ọdún 21, lọ́dún 1777, ló kọ ìkẹsàn-án tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì ń wárí fún dòní. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n dá a dúró sílé nígbà tó tó ọkọ ní, ìwé ìròyìn ò béèrè ẹ̀ mọ́.

Lọ́dún 2004 ètò 60 Minutes ní Amẹ́ríkà gbé ọmọ ọdún 12 kan jáde, Jay Greenberg, tó ń kọ orin fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, tíṣà ẹ̀ kan ní Juilliard, ilé ìwé orin ní New York, fi í wé Mozart. Ọdún méjì lẹ́yìn náà London Symphony Orchestra ti gba sínfónì ẹ̀ karùn-ún, ìyẹn orin gígùn tí gbogbo ẹgbẹ́ olórin ńlá máa ń ta, sílẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ó ti dàgbà báyìí, mélòó nínú àwọn tó pariwo ẹ̀ nígbà yẹn ló ń gbọ́ ohun tó ń kọ lónìí?

Ti Sheku Kanneh-Mason náà wà níbẹ̀. Ó gba ipò kìíní BBC Young Musician, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ olórin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2016, ọmọ ọdún 17 ni, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1978, nígbà tó wá ta ṣẹ́lò, tó dà bíi fáyólíìnì ńlá, níbi ìgbéyàwó Harry, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Meghan lọ́dún 2018 ńṣe làwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ló ti já bọ́. Láti kékeré ló ti ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní gbogbo Sátidé láti Nottingham lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ó sì fi 3,000 pọ́n-ùn ta ilé ìwé girama ẹ̀ lọ́rẹ káwọn ọmọ ibẹ̀ lè máa kọ́ ṣẹ́lò lọ. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà ńbẹ̀ o, torí tí ariwo bá ti ta àwọn èèyàn á kó ìwé dé pé kí òbí ọmọ wá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Samuel Coleridge-Taylor, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá ẹ̀ wá láti Sàró, ọmọ ọdún 23 ni nígbà tí wọ́n kọ orin ẹ̀ tó ń jẹ́ Hiawatha's Wedding Feast ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1898, ìlú gbọ̀n tìtì. Ó ti ta ẹ̀tọ́ orin náà tán pátápátá ní gínì 15, owó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Wọ́n ta ẹ̀dà orin yẹn káàkiri ayé, kò ní ìpín nínú owó tó ń wọlé lórí ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú títí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fi pa á lọ́dún 1912, ẹni ọdún 37 péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ irú èyí fáwọn òbí nígbà tẹ́ ẹ bá lọ ya fọ́tò ọmọ wọn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ nípa àwọn ọmọ wa, ẹ kọ ọ́, inú mi á dùn. Ẹ kàn máa dárúkọ orin náà àti ẹni tó kọ ọ́, ẹ dárúkọ tíṣà, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ra okùn, ẹ sì padà lọ wo ọmọ yẹn lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ọmọ tí mo sọ yẹn ti pé 17. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ló máa ń wá, wákàtí kan gbáko ló fi ń ta skéèlì ká tó fọwọ́ kan orin. Tí ẹ bá ráyè, ẹ rán akọ̀ròyìn kan wá, kó fi kámẹ́rà sílẹ̀ nílé, kó wá jókòó gbọ́ ọ. Àga wà fún un.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà fáyólíìnì kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn