Abẹ́rẹ́ páìnì orí Òkè Lemmon

Tucson, Arizona,
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹfà.

Mọ́rẹ́nikẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà. Lẹ́tà rẹ láti Jos tẹ̀ mí lọ́wọ́. O béèrè bóyá mo ṣì ń gé ewé wò bíi ti ayé ìgbà tí a jọ wà ní láàbù. Mo ṣì ń gé e, ìdí tí mo fi tètè mú gègé nìyẹn.

Mo gun Òkè Lemmon lọ́jọ́ Sátidé. Sara Plummer Lemmon, obìnrin onímọ̀ ewéko tó gùn ún ní 1881, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó ga tó mítà 2,791. Nísàlẹ̀, ooru mú gan-an, igi ẹlẹ́gùn-ún saguaro tó jọ ọrọ́ ilé wa ló kún ibẹ̀. Bí mọ́tò ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù, títí a fi wọ igbó páìnì.

Ewé páìnì kì í sábà dá wà, ìdì ni ó máa ń wà, bí abẹ́rẹ́ tí a so nídìí. Níbi tí igbó náà ti bẹ̀rẹ̀, márùn-ún márùn-ún ni mo kà nínú ìdì kan. Lókè pátápátá, mẹ́ta mẹ́ta ni. Láàárín méjèèjì, mo rí igi kan tó ní mẹ́ta, tó tún ní márùn-ún. Mọ́rẹ́nikẹ́, mo jókòó sídìí igi yẹn fún bíi wákàtí kan, mo ń kà.

Nígbà tí mo délé, mo fi bíléèdì rẹ́ wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo gbé wọn sábẹ́ maikirosikóòpù. Rántí obì abàtà: ẹ̀yìn awẹ́ rí roboto, inú rẹ̀ tẹ́, bí a bá kó wọn jọ, wọ́n á di odidi. Abẹ́rẹ́ páìnì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ti aláwẹ́ márùn-ún tín-ín-rín, ti aláwẹ́ mẹ́ta sanra. Ìda bo awọ wọn, ihò tí wọ́n fi ń mí sì rì wọnú awọ náà kí omi má baà tètè sá lọ. Ihò oje wà nínú ẹran ewé, iṣan méjì sì sùn ti ara wọn láàárín gbùngbùn. Ó rẹwà!

Bí a bá fi awọ wé ẹran, awọ awẹ́ tó sanra kéré sí ti èyí tó tín-ín-rín, nítorí náà omi kì í tètè bọ́ lára rẹ̀. Mo rò pé nísàlẹ̀, níbi ooru, ló yẹ kí n ti bá mẹ́ta. Òdìkejì ni mo bá. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí mo fi wo ìdílé wọn. Ti ìsàlẹ̀, Pinus arizonica, ìbátan rẹ̀ pọ̀ ní Mẹ́síkò. Ti òkè, Pinus ponderosa, àwọn ẹbí rẹ̀ lọ títí dé Kánádà. Lójú tèmi, òkè ló pín ilẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n láti ilé ni oníkálùkù ti gbé iye abẹ́rẹ́ tirẹ̀ wá.

Páìnì tó wà nítòsí ilé ìwé rẹ ńkọ́? Bó bá jẹ́ Pinus caribaea, mẹ́ta ló sábà máa ń ní. Kọ́kọ́ wò ó dáadáa o, torí ọ̀pọ̀ igi tó ń súfèé tí a ń pè ní páìnì nílé kì í ṣe páìnì. Bí o bá fa “ewé” rẹ̀ tó já ní oríkèé, ẹ̀ka ni, kì í ṣe ewé. Bó bá jẹ́ páìnì gidi, jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ka ogún ìdì, kí o kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ya àwòrán tèmi sínú àpòòwé yìí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Adéọlá