Ẹ Wọn Iná Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Mìíràn

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí bàbá kan kọ nípa ọkọ̀ wọn tó ti lé ní ogún ọdún, ni mo fẹ́ fèsì sí. Bàbá ní ọkọ̀ náà kì í fẹ́ jí láàárọ̀ mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́jọ, kò sí ìyàtọ̀, wọ́n sì ti pinnu láti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Gbólóhùn tí wọ́n fi kádìí lẹ́tà wọn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́: wọ́n ní ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kò gbọdọ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ti gbó, àfi tó bá fẹ́ bu omi sí i.

Èmi kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Olùkọ́ físíìsì ni mí, ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọkọ̀ tí mò ń wà, 1998 ni wọ́n ṣe é, àìsàn tí Bàbá ṣàpèjúwe yẹn gan-an ló sì ṣe é.

Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí wọ́ọ́, wọ́ọ́, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò fẹ́ dìde. Nígbà mìíràn á jí. Nígbà mìíràn á kàn dún “ká” lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní bátìrì ni. A ra tuntun. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní á jẹ́ pé kíkísítátà, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí, ni. A pààrọ̀ ìyẹn náà, ara rẹ̀ yá fún ọjọ́ mélòó kan, ó tún padà sídìí ohun tó ń ṣe. Nígbà tó wá ní alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, ló kù, mo ní kó jẹ́ kí n mú ọkọ̀ mi lọ sílé. N kò bá a jà, nítorí kò purọ́ fún mi. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe lòun náà ṣe: ó ń fi ẹ̀yà tuntun wá ibi tí àìsàn wà. Àmọ́ owó mi ló fi ń wá a.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni ojú mi là. Mo dojú ọkọ̀ kọ ògiri, mo tan iná iwájú, mo wá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń fà bí ìgbín, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ara ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ká ní bátìrì ló kú ni, iná yẹn ì bá ṣe bàìbàì lójú ẹsẹ̀, torí orísun kan náà ni òun àti kíkísítátà ti ń mu. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere tí kíkísítátà sì ń wọ́, agbára wà nínú bátìrì nìyẹn. Yálà kíkísítátà fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí kí ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti dí. Kíkísítátà tèmi sì rèé, tuntun ni.

Ọ̀nà náà, àlọ àti àbọ̀ ni. Gbogbo èèyàn ló máa ń ranti wáyà pupa tó ń gbé iná lọ. Ìwọ̀nba ló ń ranti pé iná náà gbọ́dọ̀ padà sílé, sí orí dúdú bátìrì. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Nítorí náà, wáyà ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè láti ara ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ ló ń mú iná padà. Mo wá a títí mo fi rí i lábẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí, ìyẹ̀fun funfun àti àwọ̀ ewé ti bo orí rẹ̀.

Mo mú mítà tí a fi ń wọn iná, mo kọ́kọ́ fi wọn bí wáyà náà ṣe ń dènà iná tó. Mítà ka òdo. Mo ní wáyà yìí dára, mo sì fẹ́ lọ wá ibòmíràn wò. Kí n tó pa bónẹ́ẹ̀tì dé ni mo ranti ohun tí mo ti kọ sára pátákó ìkọ̀wé láìmọye ìgbà, pé fóltì tó ń sọnù lójú ọ̀nà jẹ́ áńpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, ìlọ́po ìdènà. Kíkísítátà ọkọ̀ kékeré lè fa 150 áńpíà. Bí ìdènà wáyà bá jẹ́ 0.02 óòmù péré, èyí tí mítà kékeré kò lè rí, fóltì 3 ti sọnù kí iná tó délé. Fóltì 12 náà ni bátìrì ní. Fọ́nrán bíi márùn-ún péré ló lè kù nínú wáyà kan, kí mítà ṣì sọ pé kò sí ohun tó ṣe é, torí mítà kò di ẹrù lé e lórí, iná bíńtín ló ń rán gba inú rẹ̀. Ìgbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ ni àṣírí ń tú.

Mo wá yí mítà sí fóltì. Mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé orí dúdú bátìrì gan-an, mo fi èkejì lé irin ẹ́ńjìnnì níbi tí kò sí ọ̀dà, mo ní kí ọmọ mi obìnrin yí kọ́kọ́rọ́. Ó pariwo láti inú ọkọ̀ pé, “Mọ́mì, kí ló kà?” 2.9 ni. Kò yẹ kó ju 0.3 lọ. Inú mi dùn débi pé mo ní kó tún un yí, kí òun náà lè wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun mìíràn wà tí mo ti ń fọwọ́ kàn láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wáyà irin tí ẹsẹ̀ wa ń fà bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ sáré máa ń gbóná láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ tó jí. Iná tí kò rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà ló ń gba inú rẹ̀ padà sílé. Irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ lè yọ́ rọ́bà tó bò ó, kí ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré há mọ́lẹ̀ nígbà tí èèyàn wà lórí eré. Ẹ̀rù ìyẹn ṣì ń bà mí títí dòní.

Iṣẹ́ àtúnṣe náà kò pé wákàtí kan. Mo tú orí dúdú bátìrì kúrò kí n tó tú pupa, torí bí spánà bá fara kan ara ọkọ̀ nígbà tí dúdú ṣì wà níbẹ̀, iná á ṣẹ́ yọ. Mo fi sáńdípépà ha orí bọ́ọ̀tì àti ojú irin tó jókòó sí títí ó fi ń dán, mo fi wáyà tuntun tó nípọn bíi ti àtijọ́ sí i, mo dè é le, mo wá fi fásílìnì pa á lókè kí omi má bàa wọlé. Mítà ka 0.1. Ẹ́ńjìnnì fò sókè bí ìgbà tó ṣì wà ní tuntun, ọdún kejì rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà nìkan. Ọkọ̀ aládùúgbò mi kan ń gbóná jù, wọ́n yọ thermostat rẹ̀, ìdérí kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi móoru, sọ nù. Kò gbóná mọ́ lóòótọ́, ó wá ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, nítorí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì móoru, ó sì ń da epo kún epo. Fáànù rédíétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Ọkọ̀ tèmi náà tan iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, kóòdù P0171 jáde, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Wọ́n ní kí n ra sẹ́ńsọ̀ tuntun, ohun tó ń wọn nǹkan fún kọ̀ǹpútà. Páìpù rọ́bà tó ya lẹ́yìn ilé fílítà afẹ́fẹ́ ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Kóòdù kì í dárúkọ ẹ̀yà tó bàjẹ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ló ń sọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ewu ló mú kí Bàbá kọ ohun tí wọ́n kọ, ewu sì wà. N kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. N kì í ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná, nítorí omi tó wà nínú rẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n ooru 100°C láìhó, á sì hó mọ́ èèyàn lójú ní kété tí ìdérí bá ṣí. Iṣẹ́ bíréékì àti bẹ́líìtì tàímíìnì, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ni mò ń gbé e fún, wáyà èábáàgì sì rèé, n kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kí èèyàn wò, kí ó fetí sílẹ̀, kí ó wọn nǹkan kó tó sanwó, ìyẹn kò gba ìwé ẹ̀rí. Mẹkáníìkì mi gan-an, nígbà tí mo fi 2.9 yẹn hàn án, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, mo sì kọ́ ọ. Òun ló ń bá mi tún bíréékì mi ṣe títí dòní.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta ọkọ̀ yẹn. Bí ilẹ̀ bá ṣú lónìí, ẹ fa bíréékì ọwọ́, ẹ rí i pé kò sí nínú jíà, ẹ tan iná iwájú sí ògiri, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ náà kò bá ṣe bàìbàì tí ẹ́ńjìnnì sì ń wọ́, ẹ wá wáyà tí wọ́n fi ń ya iná bátìrì lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹ fi orí wáyà náà kan há mọ́ orí dúdú bátìrì, ẹ fi orí rẹ̀ kejì há mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì, kí ẹ tún yí i. Bó bá jí kíá, wáyà ẹ́ẹ̀tì ni àìsàn náà wà. Ẹ bá mi kọ ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí olóòtú. Màá máa wá a nínú ìwé ìròyìn yìí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì kan