Ẹ jẹ́ ká kó àwọn ọmọ wa lọ sí Ìtòkú

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ọlidé gígùn ti dé tán, àwa òbí sì ti ń bi ara wa léèrè ibi tí a ó kó àwọn ọmọ lọ. Ní Èkó níbí, ilé ìtajà ńlá oníẹ́ẹ̀sì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Àwọn ọmọ á jẹ ìpápánu, wọn á gun àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, a ó ra nǹkan tí wọ́n kó ti òkè òkun dé, ó di ilé. Mi ò ní ó burú. Ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ ni pé ká yọ ọjọ́ kan péré sílẹ̀ nínú ọlidé náà, ká kó wọn lọ sí àárín ìlú àtijọ́ kan, ká sì ná owó wa lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ọjà tí wọ́n ń tà. Abẹ́òkúta ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ìyá ọkọ mi ọmọ ibẹ̀ ni, òun ló sì ṣíwájú wa lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ tó wà níbẹ̀, nígbà ọlidé Àjíǹde tó kọjá.

Ọ̀nà ò le mọ́ bíi ti àtijọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láàrin Èkó àti Ìbàdàn. Alágomejì la ti wọ̀ ọ́, a sì sọ̀ ní Laderin, ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ ti mọ̀ pé Laderin kò sí láàárín ìlú o. Ẹ máa tún wọ takisí kí ẹ tó dé Ìtòkú, kí ẹ sì ti dúnàádúrà owó ọkọ̀ tán kí ẹ tó jókòó.

Àdìrẹ ló gba ojú ibẹ̀ kan. Wọ́n fi kọ́ okùn, wọ́n tò ó jọ lórí àga, wọ́n nà án sára ògiri. Gbogbo ìsọ̀ tí a bá ti yà ni Ìyá ti ń kí wọn pé, “Ajé á wọ igbá o!” Àwọn náà á dá a lóhùn, wọn á fa àga fún un. Èyí àbíkẹ́yìn mi, tó jẹ́ pé tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ló máa ń wò, ló ná fìlà fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni ìyá tó ń tà á pè é. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà á ní ẹgbẹ̀rún méjì.” “Ọmọ mi, kò gbà, owó ọjà ti wọ́n. Fi kún un.” Wọ́n jọ fà á títí ó fi di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ìyá náà sì fi áńkáṣíìfù kan ṣe éènì fún un. Kò sí ilé ìtajà oníẹ́ẹ̀sì tí ọmọ ti lè kọ́ èyí. Owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà lára níbẹ̀, bó ti wà náà nìyẹn.

Àmọ́ ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ọ̀dọ̀ aláró tí Ìyá mú wa lọ ní Kémta, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta. Ó kí i pé, “Àrẹ̀dú o!”, wọ́n sì jẹ́ ká wọlé. Obìnrin náà ń tú àdìrẹ oníko lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń fi ìko dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ó mú abẹ kékeré kan, ó ń já ìko náà ní sókí sókí bí ẹni ń tú irun ọmọ jòjòló, torí tí abẹ bá yà báyìí, aṣọ ti ya nìyẹn. Bí ìdì kan bá ti tú, òbìrí funfun kan á yọ láàrin aró. Nígbà tó yá ó fa òmíràn jáde nínú ìkòkò aró ẹlú. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹlú jáde kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró, ojú ẹ báyìí ni yóò ṣe dúdú. Àwọn ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ rárá, wọ́n kàn ń wò ó. Èyí ẹ̀gbọ́n bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń rì í. Ó ní a máa rì í, a máa sá a, a tún máa rì í, títí yóò fi mu ún débi tí ojú bá fẹ́.

Ó tún fi ẹlẹ́kọ hàn wá, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí lára, kí aró má bàa lè wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Ó ní ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin náà máa ń bá wọn fi páànù tí wọ́n gé ní àwòrán tẹ ẹ̀kọ sí aṣọ. Kàńpálà, èyí tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe, ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí, torí ó yá, ó sì ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọn mìíràn máa ń fojú tín-ín-rín kàńpálà. Èmi ò sí lára wọn. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, ó sì ń bọ́ ilé púpọ̀.

Èyí tó ń dùn mí ni ti ẹ̀rọ. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ya àwòrán àdìrẹ sí lára, ti kún inú ọjà, títí kan Ìtòkú fúnra rẹ̀, ó sì dín lówó. Ẹ yí aṣọ sẹ́yìn wò kí ẹ tó sanwó: aró ọwọ́ máa ń là á já, ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣì lẹ́yìn. Ẹ tún wo àwòrán ẹ̀. Tí òbìrí kan bá rí gẹ́lẹ́ bí èkejì lórí gbogbo aṣọ, kì í ṣe ọwọ́ ló ṣe é. Mo ń fi lẹ́tà yìí bẹ àwọn ìyá wa tó ń tajà níbẹ̀: ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ lórí àtẹ, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún oníbàárà. Ẹni tí kò bá lówó aṣọ tí wọ́n fọwọ́ ṣe á ra ti ẹ̀rọ, kò sí ìjà. Àmọ́ kí ẹni tó ti Èkó gbé ọmọ wá má lọ fi owó àdìrẹ ra bébà.

Ìjà àdìrẹ kì í kúkú ṣe tòní. Láàrin ọdún 1930 sí 1939, àwọn aláró Abẹ́òkúta àti ààfin forí gbárí lórí kọ́sítìkì, èròjà òyìnbó tí wọ́n ń dà sínú aró, àti aró òyìnbó. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é, àwọn obìnrin ní àwọn ò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí lọ́dún 1936. Lọ́dún 1947, àwọn obìnrin ọjà, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níwájú wọn, dìde nítorí owó orí, wọ́n sì pé sí ààfin Aké. Nígbà tí 1949 fi máa bẹ̀rẹ̀, Aláké yẹn kan náà ti fi ìlú sílẹ̀ fún sáà kan. Ìyá ló sọ èyí fún àwọn ọmọ bí a ṣe ń lọ sí Aké, ó sì tún yìn yín, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, torí ìlú yìí ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá lọ́dún 1859. A gun Òkè Olúmọ náà. A jẹ láfún pẹ̀lú ewédú, ó dùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní aṣọ funfun tí wọ́n ń rẹ láró gan-an, òkè òkun ló ti ń wá. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí láyé àwọn ìyá ìyá wa, tí téérù, aṣọ funfun ìgbà náà, ń ti Máńṣẹ́sítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ohun tí a ń sanwó fún ni iṣẹ́ ọwọ́. Nínú owó aṣọ kan, ẹni tó so ó ń jẹ, ẹni tó rẹ ẹ́ ń jẹ, ẹni tó fi òòlù igi lù ú títí ó fi ń dán ń jẹ, ẹni tó ń tà á náà ń jẹ. Gbogbo wọn ló ní ọmọ níléèwé.

Àmọ́ a ò lè máa pe èèyàn síbi tí kò rọrùn. Nígbà tí èyí àbíkẹ́yìn fẹ́ tọ̀, a rìn títí kí a tó rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a sì tún sanwó níbi tí kò sómi. Oòrùn ń pa wá, kò sí ibòji tí arìnrìn-àjò lè jókòó sí. Àga àwọn oníṣòwò ni Ìyá ń jókòó sí láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ọ̀kadà ń gba àárín èrò kọjá, mi ò lè ju ọwọ́ ọmọ sílẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ìyálọ́jà jọ jókòó lórí èyí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó lómi, bẹ́ǹṣì díẹ̀ lábẹ́ ìbòrí, àti wákàtí bíi mélòó kan lọ́jọ́ Sátidé tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ò ní gba àárín àwọn aláṣọ: mi ò rò pé a béèrè ju agbára lọ.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ sí yín. Kí ọlidé tó wọlé, ẹ fún wa ní ojú ewé kan lórí irú àwọn ọjà báyìí: àdìrẹ Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn. Ẹ bá wa bi àwọn aláró léèrè èwo nínú wọn ló lè gba ọmọdé mọ́ra fún wákàtí kan, kó fi áńkáṣíìfù kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń so ó tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́, àti iye tí yóò gbà. Tí àwọn tó bá gbà bá fún yín láyè láti tẹ nọ́ńbà wọn síbẹ̀, n ó pè wọ́n lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn náà bá jáde.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Sùúrùlérè, Èkó